Ohùn Tí Yọhùnyọhùn Fọ̀

Ó mí sí àwo fídíò náà lẹ́ẹ̀kan. Èémí rẹ̀ bo ojú àwo bí kùrukùru, ó sì dúró kí ó tó fi aṣọ kàn án. Aṣọ múlọ́múlọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń nu awò ojú. Ó ki ìka ìlábẹ̀ bọ ihò àárín, ó fi àtàǹpàkò gbá etí rẹ̀ mú, ó wá ń nù ún láti ìdí ihò bọ̀ sí etí. Tààrà. Kò yí aṣọ náà po rí. Ẹni tó bá ń nu àwo fídíò ní yíyípo, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fẹ́ràn láti máa wo èyí, nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Báyìí, ó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó kọjú sí ògiri.

"Ṣé o ti nù ún tán?"

"Ẹ ní sùúrù, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ọwọ́ ni."

"Ọmọ ọwọ́ wo? Tó dàgbà ju irun tó kù lórí ẹ lọ?"

Yọhùnyọhùn ni àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, bí a ṣe ń pe ẹni tí ń pa iná ní panápaná. Ẹni tó bá ní àwo fídíò nílé, ìgbéyàwó ni o, ìwàásù ni o, tí kò ráyè jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á gbé e wá. Yọhùnyọhùn á ti àwo bọ ẹnu ẹ̀rọ, á fi àwòrán sílẹ̀, á yọ ohùn nìkan, á gbé e sínú fóònù onítọ̀hún. Wọ́n á máa gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ síbi iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kan. Fáànù kan tí ń mi orí bí àgbàlagbà tí kò gbà. Àga méjì.

Ohun tó sọ ọ́ di ẹni à ń wá ni pé ohùn tó bá yọ máa ń mọ́. Ó ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti máa gé ikọ́ kúrò, àti ìmí, àti ariwo ẹ̀yìn, àti ìdákẹ́jẹ́ tó bá gùn jù. Bí ohùn bá ṣe ń jáde ló ń fọ̀ ọ́, ohun tó bá sì gé kì í kù síbì kan. "Mo ti wẹ̀ fún un," á wí fún oníbàárà, bí ìyá tó ń gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yìí, ìyá wọn ló wà nínú rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá wọn, títí ojú fi lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ tirẹ̀, aládùúgbò kan gbé kámẹ́rà wá, ìyá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó súre. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí. Ó kú. Ẹ̀gbọ́n ń wo àwo náà, ó ń ránṣọ, ó ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ojú tó mú ìyá wá bá ọmọ. Ihò abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà, ojú ìyá rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, tó di òjìji, tó di ìmọ́lẹ̀ lásán. Ohùn ló kù. Ẹ̀rọ tó wà nílé wá kọ àwo ọ̀hún.

"Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ó sọ fún àbúrò rẹ̀ nígbà tó gbé àwo náà dé. "Èmi ń sunkún, n ò ríran. Jẹ́ kí n ṣáà gbọ́ Màmá. Kí n lè gbé wọn sápò."

Fàdákà ẹ̀yìn àwo náà ti ń bó. Yọhùnyọhùn gbé e sókè sí iná, ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá níbi púpọ̀. Ó mọ̀ pé bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù nínú rẹ̀. Kò sọ. Ó tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ náà kùn. Ó dákẹ́. Ó tún kùn, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹ̀gbọ́n ń ká etí aṣọ rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Nígbà tó yá, Yọhùnyọhùn mí kanlẹ̀.

"Ó tán. Màmá ti jáde."

"Ẹ káàbọ̀ o, Màmá," ni ẹ̀gbọ́n wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ó gbé fóònù sétí. Ohùn ìyá wọn mọ́ gaara. *Ọmọ mi, ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ojú tó lé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ kò ní lé ìwọ. Ibi tí mo bá iṣẹ́ dé, wàá kọjá ibẹ̀.*

Ẹ̀rín náà dúró díẹ̀ lójú ẹ̀gbọ́n, bí ẹni tó délé tí kò bá ẹnìkan. Ó tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ sí i. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ikọ́ wọn dà?"

"Ikọ́ wo?"

"Ikọ́ Màmá. Kí wọ́n tó dé orí ọ̀rọ̀ ojú. Wọ́n wúkọ́, wọ́n dákẹ́, wọ́n dákẹ́ títí àwọn èèyàn fi rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ẹkún ni wọ́n ń gbé mì, àbúrò mi. Ẹ̀rù ojú mi ti ń bà wọ́n látìgbà yẹn. Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró sí."

Yọhùnyọhùn yíjú sí kọ̀ǹpútà. Bó ṣe ń yọ ohùn gbogbo ayé ló ṣe yọ ti ìyá rẹ̀. Ó gbàgbé láti sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó má fọ èyí.

"Ẹ jẹ́ n tún un yọ."

Ó fa àwo jáde, ó tún nù ún, láti ìdí ihò bọ̀ sí etí. Aṣọ náà kó fàdákà bọ̀. Ó tì í wọlé. Ẹ̀rọ kùn, ó pọ̀ ọ́ jáde. Ó tún tì í. Ó tún pọ̀ ọ́.

"Ó kọ̀," ó wí.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo.

"Tí a bá ń ránṣọ, a máa ń fi àyè sílẹ̀ nínú. Wọn kì í rí i níta. Àmọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní lè mí. O rán Màmá pọ̀, o ò fi àyè sílẹ̀."

"Mo lè fi í padà. Tí mo bá ki ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ sí àárín…"

"Ìdákẹ́jẹ́ ta ni o fẹ́ kì síbẹ̀?"

Fáànù mi orí sọ́tùn-ún, ó mi orí sósì.

"Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi."

"N ò bínú. Ohùn wọn náà ni. Ó kàn dà bí ẹni pé wọ́n ń kánjú."

Yọhùnyọhùn ti ṣọ́ọ̀bù, ó sìn ín lọ sílé. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n lé èjìká rẹ̀. Eruku gbé àbúrò lọ́fun lójú ọ̀nà, ó wúkọ́. Ọwọ́ náà fún èjìká rẹ̀ mú lójijì. Ó sì tún dẹ̀.

Láti ìgbà náà, Yọhùnyọhùn kì í fọ ohùn mọ́. Bí ó bá ṣe wà nínú àwo ló ṣe ń gbé e fún wọn, tikọ́-tikọ́. Àwọn oníbàárà kan ti bá ibòmíràn lọ. Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nílé, lábẹ́ ìrọ̀rí. Kì í gbé e sápò.