Ọjọ́ Tí Mo Ń Bẹ̀bẹ̀ Kí N Bá Wọn Tu Koríko

Dókítà dúró lórí yanrìn funfun, apẹ̀rẹ̀ méjì lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, bí ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé tí kò bá ilé rẹ̀ níbi tó fi í sí.

"Múfú, ibí yìí ni. Mo dá a mọ̀ dáadáa. Kànga àtijọ́ kan wà níbí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká, abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn ni ewé wa tẹ́ sí bí ẹní."

Mo mọ kànga náà. Mo mọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ní ìdí kọ̀ọ̀kan. Ní Sátidé tó ṣáájú, èmi àtàwọn lébìrà ẹgbẹ́ mi la gé wọn lulẹ̀, à ń kọrin, à ń fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, kí àwọn típà tó wá da yanrìn bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú mà," mo ní. "Èmi ni mo ṣán an."

"O ṣán kí ni?"

"Igbó yẹn mà. Fóòmánù mi àtijọ́ ló pè mí fún iṣẹ́ Sátidé."

Wọ́n wò mí títí. Mo ti ń ronú bí n óò ṣe padà sídìí kọnkéré pípò. Àfi bí wọ́n ṣe mú apẹ̀rẹ̀ kan, wọ́n fi dé mi lórí bíi fìlà, ẹ̀rín sì mú wọn débi pé wọ́n jókòó sórí yanrìn.

"Ìwọ tó ò ń fún eku lómi rinrin láràárọ̀! O ò mọ ewé rinrin?"

"Inú ìgò ni mo ti mọ̀ ọ́n mà."

Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nínú apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rìn padà, Dókítà ń fi ìka ka iye ọjọ́ tí ewé tó kù nílé lè gbé wa dé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìkirè ni mo ti wá sí Ajah, nígbà tí wọ́n ń fẹ títì ẹ̀kísípíréèsì, tí eruku ń bọ́ sínú ọbẹ̀ gbogbo ilé, tí ilé tuntun sì ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí olú. Mo kàwé dé kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì, mo dúró síbẹ̀. Iṣẹ́ lébìrà ni mò ń ṣe lọ́jọ́ tí Dókítà wọ sáìtì wa. Onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí ni wọ́n: wọ́n ń wádìí ohun tí kẹ́míkà ń ṣe nínú ara, àti ewé tó lè dáàbò bo ara lọ́wọ́ rẹ̀. Tínà ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ wa, omi olóòórùn líle tí àwọn pẹ́ńtà fi ń po ọ̀dà. Ojú wọn báyìí ni pẹ́ńtà wa ṣe fi ẹnu fa tínà láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó tu èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu dànù, ó sì gé búrẹ́dì sẹ́nu.

Dókítà figbe ta. Pẹ́ńtà ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, ó ti mọ́ wa lára."

"Ṣé ó ti mọ́ ẹ̀dọ̀ yín náà lára?"

Kí Dókítà tó lọ, wọ́n bèèrè ta ni kì í bẹ̀rù eku láàárín wa, pé àwọn ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn géńdé tó ń gbé búlọ́ọ̀kù bí ẹni gbé ìrọ̀rí, gbogbo wọn sún sẹ́yìn. Èmi nìkan ni mo dúró síbi tí mo wà. Kì í ṣe pé mo láyà o. Mi ò tètè gbọ́ ìbéèrè náà ni. Bí mo ṣe di olùtọ́jú eku nìyẹn.

Yàrá ìwádìí wọn kò tóbi, ẹ̀yìn ilé kan ní Ajah níbẹ̀ ni. Eku funfun ló kún àgò ibẹ̀, ojú wọn pupa wẹ̀. Dókítà pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Ẹgbẹ́ kìíní ń mu omi lásán. Ẹgbẹ́ kejì ń gba tínà díẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta ń gba omi ewé rinrin nìkan. Ẹgbẹ́ kẹrin ń gba rinrin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gba tínà. Ẹgbẹ́ kẹrin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: ṣé ewé á gbà wọ́n sílẹ̀ àbí kò ní gbà wọ́n?

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí orí rẹ̀ rí rogodo la fi ń fún wọn, a ó rọra tì í kọjá ọ̀fun. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dì wọ́n mú, eku kan tọ̀ sí mi lápò, òmíràn gun apá mi dé èjìká, ó ń wo Dókítà láti ibẹ̀ bí ẹni wà lórí bálíkónì. Dókítà ní, "Rọ ọwọ́. Tó o bá fún un, ẹ̀rù á bà á. Tó o bá dẹ̀ ẹ́ jù, á lọ sílé." Mo kọ́ ọ. Wọ́n tún ní kí n má sọ wọ́n lórúkọ. Ìyẹn ni mi ò lè kọ́. Ọ̀kan wà ní ẹgbẹ́ kẹrin tó máa ń jókòó sínú àwo oúnjẹ kí àwọn yòókù má bàa jẹ. Alága ni mò ń pè é.

Ní báyìí, omi ewé kì í pẹ́ kó tó bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí Dókítà fi pín kíká ewé sí ẹ̀ẹ̀mejì. Wọ́n ti lọ ká ti àkọ́kọ́ kí n tó dé. Èyí tó kù nínú fíríìjì ò lè gbé wa parí ọ̀sẹ̀. Tí ẹgbẹ́ kẹrin bá pàdánù ewé, tínà nìkan ni wọ́n á máa gbà, wọ́n á di ẹgbẹ́ kejì, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Ohun tó dùn mí jù ni pé gbogbo ìyà tí àwọn eku yẹn ti jẹ á di àjẹgbé. Èmi sì ni mo fi àdá mi fà á, tijó tayọ̀.

Dókítà fi àwòrán ewé náà hàn mí nínú fóònù wọn. Ewé kékeré tó rí bí ọkàn, igi rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì. "Ó fẹ́ òjìji," wọ́n ní, "ó fẹ́ ibi tí omi ti ń kán."

Èmi tí mo fẹ́ tún nǹkan ṣe kíákíá, omi nìkan ni mo gbọ́. Mo gun ọ̀kadà, ó di Eleko, létí òkun. Bàbá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe wo fóònù mi, ó wo oòrùn, ó wo iyanrìn.

"Ọmọ mi, ta ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi, sà."

"Ó hàn bẹ́ẹ̀."

Mo padà lọ́wọ́ òfìfo. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn gba ẹ́síteètì Abraham Adésànyà kọjá, nígbà tí mo rí i. Láàárín irin géètì ilé kan ni mo ti rí i, lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù tó ń kán tó, tó, tó. Rinrin! Ó tutù minimini, ó ń dán. Mo fò sókè. Mo kan géètì bí ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀.

Mẹ́gáàdì ibẹ̀, Tàjù lorúkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ mi. Ó yọjú.

"Kí ló dé?"

"Ọ̀rẹ́, jọ̀ọ́, mo fẹ́ bá yín tu koríko ìdí ògiri yẹn."

"Ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Èló ni?"

"Ọ̀fẹ́ ni."

Ó ti géètì gbàgà. Nígbà tó yá, ó ṣí i díẹ̀, ojú kan ló fi wò mí. "Ọ̀fẹ́? Ní Ajah? Olè ti wá síbí bíi ẹni tó ń tún iná ṣe. Olè ti wá bíi wòlíì. Èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ tu koríko, ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ rí."

Ohùn kan ti òkè wá. Màmá onílé ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, gíláàsì wọn wà ní ṣóńṣó imú. "Tàjù, ta ni?"

"Màmá, ó ní òun fẹ́ tu koríko lọ́fẹ̀ẹ́!"

"Bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì wo ló rán an."

"Mùsùlùmí ni mí mà! Ewé rinrin tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ yín ni mo fẹ́."

"Ewé játijàti tí mò ń tu tí kò tán? Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ibí ló yẹ kí n rọra. Ṣùgbọ́n mi ò mọ irọ́ í pa lójijì. Mo ní, "Eku la fẹ́ fún mu, mà."

Màmá na ọrùn síta lókè. "Eku?"

"Eku funfun mà. A ti fún wọn ní tínà."

Tàjù di ìdí ṣòkòtò mi mú. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n pe síkọ́ríítì ẹ́síteètì! Orí ẹ̀ ò pé!"

Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n pe Dókítà. Ọwọ́ kan ni mo fi ń tẹ fóònù, mo fi ìkejì di ṣòkòtò mi mú. Mo gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè gbọ́. Dókítà ṣàlàyé látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Màmá tẹ́tí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àtẹ̀gùn, títí wọ́n fi dé iwájú mi.

"Ẹ dúró ná, Dókítà. Ẹ fún eku ní májèlé, ẹ tún fún un ní oògùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ká lè mọ̀ bóyá oògùn náà ń jẹ́."

"Ọkọ mi nìyẹn. Ó ń mu ọtí lálẹ́, ó ń mu ewúro láàárọ̀. Àwa ò sì rí dókítà tó wádìí ẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín débi tí gíláàsì wọn fi já bọ́. "Tàjù, fi ọmọ náà sílẹ̀. Ìwọ, kó ewé rẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ lo sọ o. Gbogbo àyíká ilé lo máa tu, kì í ṣe èyí tó wù ọ́."

Mo tu ú. Mo tu iwájú, mo tu ẹ̀yìn, Tàjù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tọ́ka: "Ọ̀fẹ́, o fi ọ̀kan sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn." Mo gbé àpò rinrin kan délé pẹ̀lú orin. Dókítà fi ewé náà sínú ẹ̀rọ tó ń mú ewé gbẹ, kí wọ́n tó fi ṣe omi. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù nínú àpò ńlá yẹn. Omi ni gbogbo ara rinrin! Èmi àti Dókítà wo ara wa.

"Àwa méjèèjì la jọ ń lọ lọ́la," wọ́n ní.

Nígbà tí a débẹ̀, Tàjù ti rò ó fún gbogbo mẹ́gáàdì àdúgbò. Géètì ń ṣí fúnra rẹ̀. "Ọ̀fẹ́ ti dé o!" Ilé tí a bá wọ̀, ẹ̀rọ ń kán lẹ́yìn rẹ̀, rinrin sì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí onílé tó gbà ká tu rinrin nìkan. Dókítà wọ bàtà òjò, wọ́n sán ìró mọ́dìí, wọ́n lóṣòó tì mí, ẹrẹ̀ dé ìgúnpá wọn. Mẹ́gáàdì kan ní kí n kúkú bá òun fọ jẹnẹrétọ̀ náà. Òmíràn bi Dókítà pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ọ̀fẹ́ ni?" Wọ́n ní, "Èmi ni ọ̀gá ọ̀fẹ́." A rẹ́rìn-ín títí inú ń dùn wá. Ní ìrọ̀lẹ́, mi ò lè nà ró mọ́, bí abuké ni mo ṣe rìn délé, ṣùgbọ́n àpò kún.

Dókítà mú díẹ̀ lọ bá ọ̀rẹ́ wọn tó mọ ewé dunjú, ó fọwọ́ sí i pé irú kan náà ni. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú iṣẹ́ wọn gbangba pé ibi méjì ni ewé náà ti wá. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n á kọ ọ́ pé èmi ni mo ṣán ibi àkọ́kọ́.

"Mi ò ní kọ ọ́," wọ́n ní. "Mi ò sì ní gbàgbé."

Ẹgbẹ́ kẹrin ò pàdánù rinrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wo inú àwọn eku náà, èmi ni mo gbé Alága. Dókítà fún wọn lóorun tí wọn kò ní jí. Mo ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ibẹ̀ la ń lọ, síbẹ̀ mo rọ ọwọ́ ju bí wọ́n ṣe kọ́ mi lọ. Ẹ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kìíní pọ́n dẹ̀dẹ̀, ó ń dán. Ti ẹgbẹ́ kejì ti ṣá, ó wú, ó ní àbàwọ́n. Nígbà tó kan ẹgbẹ́ kẹrin, Dókítà tẹjú mọ́ ọn. Kò rí bíi ti kìíní, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ kìíní ju kejì lọ fíìfíì.

Dókítà fi ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ jó yí tábìlì ká. "Eku ló ṣì jẹ́ o, Múfú! Èèyàn kọ́! Kí ẹnikẹ́ni má lọ fa tínà kó ní rinrin ń bẹ! Iṣẹ́ ṣì pọ̀!" Wọ́n ń jó, wọ́n ń kìlọ̀. Èmi náà jó. Nígbà tí mo wá ń fọ àwo tí Alága máa ń jókòó sí, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀.

Fóòmánù ṣì ń pè mí ní Sátidé, mo sì ń lọ. Wọ́n ti mọ̀ mí. Pẹ́ńtà kankan ò jẹ́ fi ẹnu fa tínà lójú mi, torí ìró ẹnu mi nìkan á lé e kúrò ní sáìtì. Kí ẹnikẹ́ni tó fi àdá kan igbó, mo máa ń kọ́kọ́ yí ilẹ̀ náà ká, mo máa ń wo abẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo máa ń wo ẹ̀bá kànga. Níjọ́ kan, mo bá rinrin. Mo lóṣòó, mo ń hú u tìdítìdí sínú apẹ̀rẹ̀. Típà ti dé, ó gbé yanrìn rù, ó ń fọn fèrè lé mi lórí.

Dírẹ́bà yọrí. "Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń kó?"

"Ewé."

"Ewé tí mo fẹ́ da yanrìn bò?"

"Òun náà ni. Ẹ dúró."

Ó wo ojú mi, ó wo apẹ̀rẹ̀, ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Típà dúró.