Ìwọ́de Tí A Ṣe Nítorí Owó Orí Ọ̀gá Wa

Ìjọba ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ kógbá sílé ni, ẹnu wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú. Ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé, a lè wọ́de kí ẹnikẹ́ni má yìnbọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn títí dòní. Ohun tí a fi òmìnira náà ṣe ló ń tì mí lójú.

Ọ̀gá wa ní ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó ní owó orí tí ìjọba ń gbà lórí èrè ilé iṣẹ́ kéré lọ́hùn-ún, pé bí wọn ò bá dín tibí kù, òun yóò kó ẹ̀rọ òun lọ. Àyà wa já. Àwa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ ara wa tẹ páálí ìwọ́de lọ́fẹ̀ẹ́: Ẹ dín owó orí ilé iṣẹ́ wa kù.

Ìwọ́de ku ọ̀la nígbà tí Ìyá Rámọ́tà, aṣojú àwọn òṣìṣẹ́ Àjàṣẹ́, wọlé. Yorùbá bíi tiwa ni. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀gá ń fi dẹ́rù ba àwọn. Ó bẹ̀ wá pé níwọ̀n bí àwọn orílẹ̀-èdè wa ti ṣàdéhùn láti jọ máa ná ọjà kan, ká jọ béèrè pé kí owó orí ilé iṣẹ́ dọ́gba níbi gbogbo.

Alága wa ní, “Ìyá, ẹ lọ wọ́de nílé tiyín. Bí ẹ ò bá ní páálí, a ó bá yín tẹ̀ ẹ́.”

A bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà dúró títí a fi dákẹ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá yìí ń ná wa bí àgbò Iléyá. Àgbò wo ló ń bá oníbàárà dín owó ara rẹ̀?”

A wọ́de, ìjọba sì gbọ́ tiwa. Nítorí ilé kéwú ni mo ti kàwé, èmi ni mo ṣáájú àdúrà ọpẹ́ ní Abúlé Òkúta nítòsí wa. Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi ti ilé iṣẹ́ Àjàṣẹ́ pa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ọjà kan náà ní kó wá, pé kò ní san owó orí kankan. Ó kó ẹ̀rọ tiwa náà lọ. Gọ́tà Bárígà ládùúgbò wa ṣì dí, àwa la sì bẹ ìjọba pé kó má gba owó tó lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a jèrè iṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. A pàdánù àwọn tó yẹ ká jọ jà. Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé Ọlọ́run kì í dárí ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì jini, àfi kí onítọ̀hún yọ̀ǹda rẹ̀. Mo lọ sí Àjàṣẹ́ lọ tọrọ àforíjì.

Ìyá Rámọ́tà fún mi lómi. Ó ní, “Mo ti yọ̀ǹda. Ṣé ẹgbẹ́ yín wá ti ṣe tán ká jọ béèrè?”

Ẹgbẹ́ wa ti tú ká. Mo gbé ife omi náà kalẹ̀, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.