Ohùn Dírágónì Nínú Ilé Wa

Nínú agboolé ayálégbé kan ní Gbossimé la gbé dàgbà. Bí tọkọtaya bá ń jà níbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ gbọ́dọ̀ wá kanlẹ̀kùn, kó bẹ ọkọ. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni. Fíìmù dírágónì kan ló ń lò. Bí ogun inú rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, á gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè pátápátá, á yọ bẹ́líìtì, á wọ yàrá tọ ìyá mi lọ. Àwọn ará ilé á kóra jọ síta wíńdò wa, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún ogun. Igbe ìyá mi àti igbe ọmọ ogun, ọ̀kan náà ni létí wọn. Ọjọ́ tí eyín iwájú ìyá mi kán, wọ́n ní fíìmù wa dùn.

Inú ṣì ń bí mi sí fíìmù náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra àwo tuntun rẹ̀, èyí tí wọ́n tún àwòrán rẹ̀ ṣe tó mọ́ gaara, kí n lè wò ó tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ilé tèmi ní Totsi.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo ń wò ó tí àwọn òbí mi yà kí mi. Ìyá mi gba ilé ìdáná lọ, ó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ gboma. Bàbá mi jókòó, ó rẹ́rìn-ín.

“Bon, fíìmù wa nìyí.”

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ogun bẹ̀rẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá yìí, mo rí ọ̀kọ̀ tó gba ọ̀nà ọ̀fun ọkùnrin kan kọjá, mo rí itọ́ tó dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Etí bàbá mi ti di. Ó mú rìmóòtù, ó gbé ohùn sókè títí wíńdò fi ń gbọ̀n.

Ọ̀bẹ já bọ́ ní ilé ìdáná. Ìyá mi ti fẹ̀yìn ti ògiri, ó fi apá méjèèjì bo orí, orí tó ti funfun tán.

Ọmọ kì í já nǹkan gbà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Mo já rìmóòtù náà gbà. Ó pariwo pé mo yí òun níka. Mo pa ohùn náà rẹ́.

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́,” ló wí.

“Ẹ fojú wò ó, Bàbá.”

Dírágónì ń jó ìlú láìsí ariwo. Ìyá mi jáde wá, ó nu ọwọ́, ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Ó wo àwọn òkú fún ìgbà díẹ̀.

“Ta ló ṣẹ́gun?” ló bi mí.

Mi ò mọ̀. Ní Gbossimé, ní gbogbo ìgbà tí ogun yẹn ń lọ, ilẹ̀kùn yàrá ni mo máa ń wò.