Dẹ́rẹ́bà Tó Ka Ara Rẹ̀ Mọ́ Èrò

Ọdún méjìdínlógún gbáko ni Bàbá Ó-Pé ti ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé, kò sì gbàgbé ọmọ kankan sẹ́yìn rí. Àwọn ọmọ iléèwé ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kó tó ṣíná ọkọ̀, á yíjú sẹ́yìn, á ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá pariwo pé, "Ó pé!" Bí kò bá tíì sọ ọ́, ọkọ̀ ò ní kúrò lójú kan. Kì í ka ara rẹ̀ ṣá. Ta ló ń ka dẹ́rẹ́bà mọ́ èrò?

Lọ́dún tó pé méjìdínlógún yìí, àwọn òbí ọmọ para pọ̀, wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n ní ó ti gbé àwọn ọmọ àwọn tó, kí ẹlòmíì náà gbé e kiri díẹ̀. Àgbà ọkùnrin bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn, kò tiẹ̀ tijú.

Ìlú tí wọ́n lọ, omi ló wà níbi tó yẹ kí títì wà. Àwọn ará àtijọ́ ló gbẹ́ odò náà gba àárín ìgboro kọjá, tí wọ́n kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ilẹ̀kùn ilé míì, bí èèyàn bá ṣí i, omi ló máa tẹ̀. Wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ìdọ̀tí, wọ́n rí èyí tó gbé bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù.

"Wọn ò ní títì, wọn ò sì ní kòtò," Bàbá Ó-Pé wí fún ìyàwó rẹ̀. "Àwọn èèyàn yìí gbọ́n."

Àkọ́bí wọn obìnrin ló ń ka ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan fún wọn látinú ìwé. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ya fọ́tò gbogbo afárá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kó wọn lọ lọ́la. Àbíkẹ́yìn, ọmọbìnrin ọdún méje, ni wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, nítorí ẹnu rẹ̀ ti dàgbà ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ní ẹsẹ̀ afárá kọ̀ọ̀kan, bàbá wọn á dúró, á ka ìyàwó, á ka ọmọ mẹ́ta. Mẹ́rin. Ó pé.

Lọ́jọ́ kẹta, òjò wínníwínní ń rọ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi. Èrò pọ̀. Bàbá Ó-Pé rí ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Obìnrin kan tó dé fìlà ló ń wa ọkọ̀ náà, kò sì sí ẹni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ Bàbá Ó-Pé.

"Èmi náà mà di èrò lónìí o!" Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé.

"Bàbá wọn, ṣé a pé?" ìyàwó rẹ̀ bi í, ó ń ká agbòjò.

Ó gbé ọwọ́ lé àyà ara rẹ̀, ó ní ọ̀kan. Ìyàwó, méjì. Àkọ́bí, mẹ́ta. Ọmọkùnrin, mẹ́rin.

"Mẹ́rin. Ó pé!"

Ìyàwó rẹ̀ kò wẹ̀yìn wò. Ó ti gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkọ̀ gbéra.

"Ìyá Àgbà dà?" ọmọkùnrin náà bèèrè.

Bàbá Ó-Pé wo ẹ̀yìn látojú fèrèsé. Omi ti wà láàárín wọn àti èbúté, ọmọ náà ò sì mọ odò wẹ̀. Ẹ̀rù bà á débi pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń wá bíréèkì. "Ó ku ẹnì kan! Ẹ dúró, ó ku ẹnì kan!" Obìnrin tó ń wakọ̀ ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ó wo ojú rẹ̀, ó wo ibi tó ń nawọ́ sí, ó sì gbé rédíò sẹ́nu. Nígbà tí wọ́n máa fi dé èbúté kejì, ọkọ̀ kékeré kan ti ń dúró láti dá wọn padà. Ọlọ́run ló mọ ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún wọn.

Ìyá Àgbà ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú. Ìyá arúgbó kan dúró tì í, ó ya agbòjò bò ó, òjò sì ti pa èjìká tirẹ̀.

"Dádì, ẹ pẹ́ díẹ̀ o," ọmọ náà wí. "Ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀ wà lórí omi ni mò ń wò. Màmá yìí ń nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù pé ká wọlé, mo kọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa nínú bọ́ọ̀sì pé ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀, kó dúró sójú kan, dẹ́rẹ́bà ń padà bọ̀."

Bàbá Ó-Pé kúnlẹ̀ sínú omi òjò, ó di ọwọ́ ìyá náà mú. "Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ ò ní sunkún ọmọ." Ìyá náà ò gbọ́ ẹyọ kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ pa á lórí bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n tún wọ ọkọ̀, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ kan orí wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rin ni. Kò lè sọ pé ó pé.

"Ẹ wá jókòó," ìyàwó rẹ̀ wí.

"Mi ò jókòó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo ka ara mi ni mo pàdánù ọmọ."

Ìyá Àgbà bá gun orí ìjókòó. Ó ka ìyá rẹ̀, ó ka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì, ó ka ara rẹ̀, ó wá na ọwọ́ tó tutù lé orí bàbá rẹ̀.

"Dádì, márùn-ún," ó wí. "Ó pé."

Bàbá Ó-Pé sì jókòó sáàárín wọn.