Àmì Ojú Ààlà

Yẹ̀kínì ti ń to lẹ́tà òjé fún ìwé títẹ̀ kí títì Ẹ̀pẹ́ tó kan Ajah. Ìka rẹ̀ dúdú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí Alájì Tàjùdéèn ta lára ilẹ̀ ìdílé wọn, tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè.

Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n gbà ni ìwé atúmọ̀ èdè fún àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi kọ́mà tàbí àmì ìdánudúró kankan sí i. Pẹ́ńsùlù ló fi fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀: pupa fún ọ̀rọ̀ tó ń túmọ̀, búlúù fún ìtumọ̀, àwọ̀ ewé fún àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń to lẹ́tà ni yóò fi àmì sí i, ohun tó bá sì tẹ̀ lé e ló ń pinnu àmì. Bí ìtumọ̀ mìíràn bá tẹ̀ lé ìtumọ̀, kọ́mà. Bí àpẹẹrẹ bá tẹ̀ lé e, kólọ́ọ̀nù. Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá dé, àmì ìdánudúró. Yẹ̀kínì kì í fi àmì sílẹ̀ láìrí àwọ̀ tó ń bọ̀.

Alájì ń kánjú. Wọ́n mú Dúró, ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn, wá, wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa pín abala ìwé náà, ọ̀kan fún èyí, ọ̀kan fún ìyẹn. Ọjọ́ tí Dúró dé, ó kígbe lójú oníbàárà: "Yẹ̀kínì, gbé omi wá!" Yẹ̀kínì lè bí i lọ́mọ. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n tẹ ìwé náà wò, àmì ìsàlẹ̀ abala nìkan ni kò tọ̀nà. Olúkúlùkù ń méfò àwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ abala ẹnì kejì.

"Dúró ò ní lọ síbì kan," Alájì wí. "Ọmọ wa ni. Yẹ̀kínì, bí mo bá tún rí àṣìṣe kan, ìwọ lò ń lọ sílé."

Lọ́jọ́ kejì, Yẹ̀kínì dé ìsàlẹ̀ abala rẹ̀. Ó lọ dúró ti tábìlì Dúró.

"Àwọ̀ wo ló bẹ̀rẹ̀ tìẹ?"

Dúró fi ìgbọ̀nwọ́ bo abala rẹ̀. "Áà! Odi sọ̀rọ̀! Pè mí ní ọ̀gá ná."

"Ọmọ àná."

"Ọmọ àná ló ni ibi tí o ti ń jẹun. Máa méfò lọ."

Yẹ̀kínì wo àpótí lẹ́tà rẹ̀. "Ọ̀gá," ó wí.

"N ò gbọ́."

"Ọ̀gá."

"Àwọ̀ ewé."

Ó lọ fi kólọ́ọ̀nù sí i.

Nígbà tó di ọ̀sán, Dúró náà dé ìsàlẹ̀ abala tirẹ̀. Kò béèrè. Ó mú àmì ìdánudúró.

"Búlúù ló bẹ̀rẹ̀ tèmi," Yẹ̀kínì wí. "Kọ́mà ni."

"Ta ló bi ọ́?" Dúró fi àmì ìdánudúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló máa lọ sílé, èmi àbí ìwọ?"

Yẹ̀kínì dìde. Ó gbé gbogbo lẹ́tà tí Dúró ti tò láti àárọ̀, ó dà á sílẹ̀. Òjé fọ́n ká dé ẹnu ọ̀nà.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀ mọ́," ó wí.

Dúró ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń ṣa lẹ́tà, ó ń ṣẹ́ èpè. Yẹ̀kínì gba orí òjé náà kọjá, ó bọ́ síta.