Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Rádà ní Ìkẹ́rẹ́

Mo rántí ìgbà tí ọyẹ́ mú gan-an, tí àpáta Olósùnta dà bí ẹni tó fi aṣọ funfun borí. Inú bọ́lẹ̀kájà ni èmi àti màmá mi wà, à ń ti Ìsẹ̀, ìlú wa, lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Eruku pupa ń wọlé tọ̀ wá nínú ọkọ̀. Gbogbo nǹkan rọra ń kọjá lọ bí ìgbà tí èèyàn ń tòògbé: oko kòkó, ebè tí wọ́n ti wa iṣu inú rẹ̀, igi ọ̀pẹ kan ṣoṣo. Títí dòní, bí mo bá ronú kan ìrìn-àjò náà, ó ń ṣe mí bíi pé lójú àlá ni mo ti rìn ín.

Olùkọ́ kékeré ni mí nígbà náà ní ilé ìwé ìjọ wa, mo sì gbà pé kò sí ohun tí Òyìnbó mọ̀ tí èmi ò tíì gbọ́. Wọ́n ti sọ fún mi pé sójà kan tó ti ogun Bọ́má dé ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó to àwọn nǹkan ogun síbẹ̀ kí aráyé máa wá wò ó, irú ohun tí à ń pè ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí. Wọ́n ní ó ń sọ ìtàn ẹ̀rọ kan tó máa ń rí ohun tí ojú èèyàn kò tó. Mo sọ ọ́ nílé níbi tí a ti ń jẹun, pé mo fẹ́ lọ wò ó kí n lè rí nǹkan sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Màmá mi, tí kì í lọ ibì kankan ju oko àti ṣọ́ọ̀ṣì lọ, ní òun máa bá mi lọ. Inú mi dùn púpọ̀. Mo rò pé ìmọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wù ú.

N kò ro ti ẹ̀gbọ́n mi rárá. Àkọ́bí màmá mi ni, ó bá wọn lọ sí ogun Bọ́má yẹn, kò sì padà. Àwọn tí wọ́n jọ lọ ti dé tipẹ́, wọ́n ti fẹ́yàwó, wọ́n ti gbin kòkó. Ìjọba ní àwọn wá a, àwọn kò rí i. Kò sí òkú, kò sí sàréè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi a máa wí pé, "Ọmọ mi kú, ó sàn ju ọmọ mi nù lọ." Màmá mi kórìíra òwe yẹn débi pé bí bàbá náà bá ti la ẹnu, ìdí àdògán ló ń gbà lọ. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, pásítọ̀ fẹ́ ka orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tó kú sógun, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì dìde gba àdúrà ìtùnú. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìrìn-àjò wa ni. Màmá mi ti ránṣẹ́ sí i pé wọn ò gbọdọ̀ ka orúkọ ọmọ òun mọ́ òkú.

"É è kú," ló wí, èyí ni pé kò kú. "Ó rìn jìnnà ni."

Bàbá mi kò rí nǹkan ṣe sí i. A ò lè ṣọ̀fọ̀, a ò sì lè yọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń gbé e láti ọdún dé ọdún.

Sójà náà gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Fèrèsé kékeré kan ló wà nínú yàrá náà, ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, eruku sì ń fò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ nínú rẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ǹṣì, ó to nǹkan sí i: fìlà irin, wáyà bàbà tó ká jọ, àwòrán àwọn ọkùnrin tó dúró sábẹ́ irin gàgàrà kan lórí òkè. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni gíláàsì róbótó kan wà tó tó àwo ìjẹun, etí rẹ̀ ti sán.

"Ojú ẹ̀rọ náà nìyí," ó wí. "Orúkọ rẹ̀ ni rádà."

"Dà?" ni màmá mi bi í. "Ṣé bí a ti í bèèrè nǹkan tó nù?"

Ojú tì mí. Mo tètè ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, pé kò bá "dà" tiwa tan rárá. Mo tilẹ̀ ti fẹ́ máa sípẹ́lì rẹ̀. Sójà náà kò wò mí.

"Màmá, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí a bá ké sí Olósùnta láti oko wa níbí, ṣé kì í ké padà sí wa? Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ṣe ń ké sínú òfúrufú. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, á dá a lóhùn, ojú rẹ̀ á sì tàn. Bí kò bá sí nǹkan, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mò ń fọwọ́ yí irin orí rẹ̀ káàkiri. Dà, dà, dà, gbogbo iṣẹ́ tó ń ṣe náà nìyẹn."

Màmá mi sún mọ́ bẹ́ǹṣì. "Ní Bọ́má?"

"Ní Bọ́má, màmá."

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi bi í. Ọmọ mi dà?"

Ìgbà yẹn ni ohun tó gbé màmá mi wá yé mi. Wọ́n ti sọ fún mi pé ìtàn sójà náà ń gùn sí i lọ́dọọdún, mo sì bẹ̀rù pé yóò parọ́ fún un. Sójà náà fa àpótí kan, ó jókòó.

"Màmá, ọkọ̀ òfúrufú wa kan jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò padà. Mo yí irin náà títí apá fi ń ro mí. A bèèrè lápá òkun, a bèèrè lápá òkè. Àbúrò ọ̀gá wa wà nínú ọkọ̀ náà, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá gbé ọwọ́ mi kúrò lára irin. Ó ní ó tó, a ti bèèrè tó."

"Àbúrò rẹ̀?"

"Ọmọ ìyá rẹ̀, màmá."

Màmá mi tẹ̀ ba síwájú gíláàsì náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi ní oríkì, bí ó ti máa ń pè é lówùúrọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dúró. A jọ dúró. Eruku nìkan ló ń mì nínú ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló nàró, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "A ti bèèrè tó." Ó tú ẹrù kékeré tó gbé mọ́ra láti Ìsẹ̀, iṣu sísun ló wà nínú rẹ̀, mo sì mọ ẹni tó sun ún fún. Ó gbé e fún sójà náà. "Jẹ uṣu," ló wí. Ó dúró tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí a délé, màmá mi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ pé kó ka orúkọ ọmọ òun. Nígbà tí ó dé orí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Ìsinmi, màmá mi ló kọ́kọ́ dìde, kí bàbá mi tó gbéra. Ó sunkún kíkan, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dákẹ́.

Mo ti dàgbà ju bí màmá mi ṣe dàgbà nígbà náà lọ. Mo ti rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí rádà tòótọ́ wà nínú rẹ̀, mo sì ti ń fura pé gíláàsì sójà wa lè má jẹ́ ti rádà rárá. Kò dùn mí. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi pé kò parọ́ fún ìyá mi lọ́jọ́ tí irọ́ ìbá dùn mọ́ ọn jù. Nígbà tí a fẹ́ sùn lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, màmá mi lọ sí ẹnu ọ̀nà iwájú, ó fi igi há ilẹ̀kùn. Bàbá mi gbé orí sókè, ó wò ó. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sógun, màmá mi kò ti ilẹ̀kùn náà rí.