Abẹ́ Ibùsùn ní Òkè Àdó

Mo rántí òórùn kùrukùru yẹn. Ó dùn díẹ̀, bí ṣúgà tí wọ́n yọ́ sínú omi gbígbóná. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àwọn tó ń ṣètò iná fún eré sinimá ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ tó ń tú kùrukùru sínú yàrá ni wọ́n sì fi lé mi lọ́wọ́. Kùrukùru fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ojú kì í tètè rí i, ṣùgbọ́n bí iná bá gba ojú fèrèsé wọlé, ìtànṣán rẹ̀ á nà gbọọrọ kọjá inú yàrá. Mo rò pé èmi gan-an ni mo dá ìmọ́lẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ pé mo ní ikọ́ fée. Ìyá mi, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ní Moniya, ti kìlọ̀ fún mi, mo sì dá wọn lóhùn pé ikọ́ náà ti lọ. Irọ́ ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń ya eré nínú yàrá kékeré kan ní Òkè Àdó. Ìyá àgbà kan, òṣèré tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́, ló dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn. Wọ́n ń ṣe bí ẹni tó ń kú lọ. Kí kùrukùru má baà jáde, a ti fèrèsé, a pa fáànù, a sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò síbi tí mo lè dúró sí tí kámẹ́rà ò ní rí mi, ni olùdarí eré bá ní kí n gbé ẹ̀rọ náà wọ abẹ́ ibùsùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta la yà á, kò tẹ́ olùdarí lọ́rùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Oògùn tí mo máa ń fà sẹ́nu wà nínú báàgì mi, báàgì sì wà nínú mọ́tò níta. Irin ibùsùn kù díẹ̀ kó kan imú mi, ẹsẹ̀ àwọn oníkámẹ́rà dí iwájú, ògiri wà lẹ́yìn. Bí mo bá jáde, àṣírí mi tú. Mo fi aṣọ bo ẹnu. Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, kò ṣeé bò mọ́lẹ̀. Àṣé àìsàn náà bẹ́ẹ̀. Àyà mi ń dún fíì, fíì.

“Mọ́mì, èémí yẹn dáa gan-an!” Olùdarí ló sọ bẹ́ẹ̀. “Ẹ máa mí bẹ́ẹ̀ lọ!”

Ìyá àgbà sé èémí wọn. Ìró náà ò dákẹ́. Ni wọ́n bá dìde jókòó.

“Èmi kọ́ ni mò ń mí o. Ẹ ṣílẹ̀kùn!”

“Mọ́mì, ó ku díẹ̀ ká parí—”

“Díẹ̀ kí ni? Èmi ni wọ́n kọ ọ́ sínú eré pé kí n kú, kì í ṣe ọmọbìnrin yìí. Ẹ ṣílẹ̀kùn, mo ní!”

Àwọn òṣìṣẹ́ di ẹsẹ̀ mi mú, wọ́n sì fà mí jáde. Ẹnì kan sáré lọ mú báàgì mi wá. Ìyá àgbà jókòó tì mí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn títí èémí fi padà.

“Ta lò ń fi àìsàn pamọ́ fún?” wọ́n bi mí. “Ẹ̀mí ò láàrọ̀ o, ọmọ mi.”

Olùdarí ní kí n máa lọ sílé. Mo sunkún nínú bọ́ọ̀sì dé Moniya, mo sì jẹ́wọ́ fún ìyá mi. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé omi ka iná fún mi. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ iná sinimá. Títí dòní, ó ṣì máa ń wúwo lẹ́nu mi láti sọ̀rọ̀ ikọ́ yẹn fún àwọn tó gbà mí síṣẹ́. Ojú ṣì ń tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.